Etí Tó Mọ Ohùn Irin

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ọmọ Àkúrẹ́ ni mí, ẹni ọdún 59. Ọdún 34 ni mo ti lò ní rélùwéè. Èmi ni mo máa ń fi òòlù yẹ ẹsẹ̀ irin àwọn kóṣì tó ń kó èrò wò kí ọkọ̀ tó gbéra. Oṣù kẹwàá tó ń bọ̀ ni n ó fẹ̀yìn tì, tí n ó sì kó ẹrù wálé sí Òkè-Àró pátápátá. Àwọn ọmọ ní kí n kàn jókòó, kí n sinmi. Ìyàwó mi, tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, ti kìlọ̀ fún mi pé òun ò fẹ́ ọlọ́pàá nínú ilé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n máa sin ẹja. Èmi ò mọ eré kankan yàtọ̀ sí iṣẹ́. Ohun kan péré ló ń wù mí, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́: rélùwéè kékeré tí wọ́n máa ń tò sórí tábìlì, tó ń fi iná rìn. Ṣé kò burú kí bàbá arúgbó máa fi nǹkan ọmọdé ṣeré? Kí ni kí n máa fi ojúmọ́ ṣe nínú ìlú tí kò ní ojú irin?"

Ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Gáàdì ni mí fún ọdún 33, èmi ni mo máa ń jókòó sí kóṣì tó kẹ́yìn pẹ̀lú àsíá pupa àti àsíá aláwọ̀ ewé. Ọdún 11 rèé tí mo ti fẹ̀yìn tì wá sí Àkúrẹ́, láti ìgbà náà ni àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ti ń wá bi mí ní irú ìbéèrè yín yìí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, nílé ìpàdé, nígbà míì nídìí ọ̀pọ́n ayò pàápàá. Kí n kọ́kọ́ dáhùn ibi tó ń dùn yín jù. Kò burú. Kò burú rárá. Ohun tó wuni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. N ó padà sídìí ọ̀rọ̀ rélùwéè orí tábìlì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba orí òòlù yín wọlé.

Mo mọ ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń yẹ ọkọ̀ wò dáadáa. Lóru, tí ọkọ̀ bá dúró ní Òṣogbo, tí èrò ń sùn, tí àwọn obìnrin ń na búrẹ́dì àti ẹyin bíbọ̀ sójú fèrèsé, láti ẹ̀yìn níbi tí mo wà ni mo ti máa ń gbọ́ yín bọ̀. Kán-ín. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Kán-ín. Iná fìtílà yín á máa rákò lọ lábẹ́ ọkọ̀. Bí irin bá pé, ohùn rẹ̀ á dún gooro bí agogo, á sì pẹ́ kó tó kú létí. Bó bá ti sán, bí sísán náà ò tiẹ̀ ju irun orí lọ, bí ìkòkò tó ti fọ́ ni yóò ṣe dáhùn: pò. Kóṣì tó bá sì ti dáhùn "pò", ó di dandan kí wọ́n já a sílẹ̀ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ọ̀gá àgbà ló ń sùn nínú rẹ̀. Mo ti rí i lójú ara mi tí ọkùnrin kan tó ń yẹ ọkọ̀ wò, tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, dá ọkọ̀ odidi dúró nítorí "pò" kan ṣoṣo tí ẹlòmíì ò gbọ́.

Ọdún 34 lẹ fi kọ́ etí yẹn, kò sì sí ìwé ìfẹ̀yìntì tó lè gbà á lọ́wọ́ yín. Nǹkan méjì ni yóò bọ́ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ kan náà: aago, àti ẹni tó ń dúró dè yín. Ní gbogbo ọdún tẹ́ ẹ lò yẹn, ọkọ̀ kì í gbéra àfi tẹ́ ẹ bá ní ó yá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìfẹ̀yìntì, ayé á gbéra láì bi yín léèrè. Ohun tó ń ba àwa ará rélùwéè jẹ́ nìyẹn, ó sì ń bà wá jẹ́ ju àìtó owó lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé irú eré yòówù tẹ́ ẹ bá fẹ́ yàn, kẹ́ ẹ fi òòlù lù ú wò lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ó ní àkókò tirẹ̀? Ṣé ẹnìkan wà tí kò ní lè bẹ̀rẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá dé? Eré tí kò bá dáhùn sí méjèèjì, ẹ já a sílẹ̀.

Èmi ò mọ èyí nígbà tí mo dé. Oṣù mẹ́ta gbáko, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mò ń jí lóròòru, torí pé àsìkò yẹn ni ọkọ̀ kan máa ń dé nígbà ayé iṣẹ́ mi. N ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, n ó máa retí fèrè. Àkùkọ aládùúgbò ni yóò kọ, a ó gbọ́ ìpè àdúrà láti mọ́ṣáláṣí, ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tó sú mi, mo kọ táìmù-tébù kan, mo fi táápù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná: oúnjẹ àárọ̀ 7:15, oúnjẹ ọ̀sán 1:40, tíì 4:05. Ní ọjọ́ kẹta, ìyá àwọn ọmọ já a, ó fi dáná. Ó ní, "Gáàdì, ọkọ̀ yín ti pẹ́. Ẹ lọ jókòó sí pèpéle." Mo lọ jókòó. Ìyàwó yín tó ní òun ò fẹ́ ọlọ́pàá nínú ilé, òótọ́ ló sọ, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó tètè sọ ọ́. Ilé ìdáná ti ní ọ̀gá tirẹ̀ láti ọdún pípẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹja ńkọ́? Ní ọdún kejì mi, mo gbẹ́ kòtò ẹja méjì sẹ́yìnkùlé, mo ra ọmọ ẹja àrọ̀ 1,000. Wọ́n ń dàgbà, mò ń rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹrin, ó di alẹ́ ọjọ́ kan tó yẹ kí n pààrọ̀ omi, iná ò sí, ẹ̀rọ tó ń fa omi ò sì ṣiṣẹ́, mo ní ó di òwúrọ̀. Oúnjẹ àjẹkù àti ẹ̀gbin wọn ti sọ omi náà di májèlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, inú funfun wọn ni mo rí, gbogbo wọn dojú délẹ̀ sínú omi. Owó tí mo fi ọ̀pọ̀ oṣù tọ́jú ló wà níbẹ̀ tó ń rùn. Ẹni tó mọ ẹja sìn ń jẹun nídìí rẹ̀, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má sìn ín. Ṣùgbọ́n òwò ni. Òwò tó ń jẹ owó oúnjẹ lójoojúmọ́, tó sì lè kú lóru kan, ẹ má jẹ́ kí wọ́n pè é ní eré fún yín. Bákan náà ni oko kòkó tí wọ́n máa ń dábàá fún gbogbo ẹni tó bá fẹ̀yìn tì wá sí ìpínlẹ̀ Oǹdó, bí ẹni pé kòkó ń so lọ́sẹ̀ kejì. Ó tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí igi kòkó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so. Bí ti bàbá yín bá wà nílẹ̀, ẹ máa lọ wò ó, ẹ máa bá àwọn tó ń ṣe é jẹ iṣu sísun. Bí kò bá sí, ẹ má ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ pa igbó ní ẹni 60 ọdún.

Ó wá ku rélùwéè orí tábìlì.

Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Àwọn tó ń ṣe eré yìí kárí ayé ti fẹnu kò lórí ìwọ̀n irin kéékèèké. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni wọ́n ń pè ní HO: àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì jẹ́ mílímítà 16.5, ẹ́ńjìnnì orí rẹ̀ sì kéré sí ti gidi ní ìlọ́po 87. Ẹ mú bíírò, ká jọ ṣe ìṣirò kan tó dùn mọ́ mi nínú gan-an lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é. Irin tuntun tó lọ láti Èkó sí Ìbàdàn, mílímítà 1,435 ni àlàfo rẹ̀. Ẹ pín in sí 87, ó di 16.5 géérégé. Irin àtijọ́ tiwa, tó gbé wa jẹun, tó dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, tó dé Òṣogbo lọ́dún 1907, tí ọkọ̀ fi ń tibẹ̀ lọ sí Kánò láti 1912, mílímítà 1,067 ni. Ẹ pín 1,067 sí 64: ó jẹ́ 16.7, tí kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí 16.5. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé irin kan náà tẹ́ ẹ bá rà lè jẹ́ irin tuntun, ó sì lè jẹ́ irin àtijọ́. Ìwọ̀n tẹ́ ẹ bá fi gbẹ́ kóṣì yín ló máa sọ èyí tó jẹ́. Irin àtijọ́ yẹn kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan, wọ́n lò ó ní South Africa, wọ́n lò ó ní New Zealand, àwọn ará ibẹ̀ sì ń ṣe tiwọn sórí tábìlì ní ìwọ̀n 64 yìí kan náà. Ẹ ò ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́, ẹ ò sì ní jẹ́ àgbà àkọ́kọ́.

Ìwọ̀n míì wà tó kéré sí i, N ni wọ́n ń pè é, mílímítà 9 péré ni àlàfo rẹ̀. Ẹ má sún mọ́ ọn. Ojú ẹni 60 ọdún kò sí fún un.

Ẹ óò rí i pé mo ní "gbẹ́ kóṣì". Kò sí ibi tí wọ́n ti ń ta kóṣì tiwa ní ìwọ̀n kékeré, ọpẹ́ ni mo sì ṣe nítorí ìyẹn, torí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ́ńjìnnì àti irin nìkan ni kẹ́ ẹ rà. Bí ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò lókè òkun, kó bá yín wá àlòkù, ẹ sọ fún un pé irin HO ni. Kò sí ṣọ́ọ̀bù irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Igi ọmọ̀ ni kẹ́ ẹ fi gbẹ́ ara kóṣì, igi tí àwọn onígbẹ̀du ń lò, ó fúyẹ́, kì í tètè là. Agolo mílíìkì lẹ ó fi ṣe òrùlé. Ta ni nínú wa tí kò fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò rí nígbà tí a wà lọ́mọdé? Ọwọ́ yín ṣì rántí. Ara ike omi lẹ ó ti gé fèrèsé. Kóṣì tó bá gùn ní mítà 16 lójú ayé, 16,000 nínú mílímítà, ẹ pín in sí 64, ó di 250. Sẹ̀ǹtímítà 25, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó rúlà àwọn ọmọ ilé ìwé.

Òkúta abẹ́ irin ńkọ́? Àwọn òyìnbó máa ń ra tiwọn nínú ọ̀rá. Àwa ń gbé nínú ìlú olókúta. Ẹ lọ sí èyíkéyìí nínú àwọn kúárì tó yí Àkúrẹ́ ká, ẹ tọrọ eruku òkúta kún garawa kan, ẹ fi asẹ́ gàrí sẹ́ ẹ. Òkúta abẹ́ irin gidi máa ń tó nǹkan bíi mílímítà 50. Pín in sí 64, kò pé mílímítà kan. Èyí tó bá bọ́ sílẹ̀ láti inú asẹ́ ni kẹ́ ẹ tún fi aṣọ wíwẹ́ sẹ́, kí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ lè lọ. Èyí tó ṣẹ́kù sójú aṣọ ni tiyín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo da tèmi sáàárín àwọn sílípà, àwọn igi ìdábùú tí irin dùbúlẹ̀ lé, tí mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé gbá a jẹ́jẹ́, tí mo wá bẹ̀rẹ̀ wò ó ní ọ̀gangan ojú, mi ò mọ ìgbà tí mo ní "Ọ̀fà rèé!"

Iná ò lè dí yín lọ́wọ́. Irú àwọn ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí kì í lò ju fóólùtì 12 lọ, iná bátìrì. Bátìrì kan tí sólà ń gba agbára sí ti tó. Ohun tó ń darí rẹ̀ kò ju kọ́ńtúrólà kékeré kan lọ: bí ẹ bá fi iná kún un, á sáré, bí ẹ bá pààrọ̀ wáyà méjèèjì, á padà sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o: fíúsì gbọ́dọ̀ wà láàárín bátìrì àti irin. Ẹ́ńjìnnì tó bá yẹ̀ lórí irin lè so irin méjèèjì pọ̀, bátìrì ò sì mọ eré, á yọ́ wáyà náà kẹ́ ẹ tó dìde lórí àga.

Títí dé ibi tí mo bá a dé yìí, ẹnì kan lè dá a ṣe nínú yàrá, á sì tún jẹ́ ìdánìkanwà. Ìdí nìyí tí mo fi ní kẹ́ ẹ má kọ́ irin tó ń yí po bí ẹni ń jó rẹ́kọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ tó bá ń yípo máa ń súni ní ọjọ́ kẹrin. Ẹ kọ́ irin ẹyọ kan tó ní ibùdó mẹ́ta. Tèmi ni Àkúrẹ́, Ọ̀wẹ̀nà, àti Oǹdó; orí tábìlì ni rélùwéè ti kọ́kọ́ dé Àkúrẹ́, ẹ̀rín ni a máa ń fi ọ̀rọ̀ náà rín. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá fi tókìnì sí i.

Ẹ̀yin mọ tókìnì, ṣùgbọ́n nítorí àwọn tó ń kà á pẹ̀lú wa: níbi tí irin bá ti jẹ́ ẹyọ kan, dírẹ́bà kò gbọdọ̀ wọ àárín ibùdó méjì láì ní tókìnì ibẹ̀, irin kékeré tó dúró fún àṣẹ ọ̀nà, lọ́wọ́. Ẹ̀rọ méjì ló ń tọ́jú àwọn tókìnì yẹn, ọ̀kan ní ìhín, ọ̀kan ní ọ̀hún, wáyà ló so wọ́n pọ̀. Bí ẹyọ kan bá ti jáde, ìkankan nínú ẹ̀rọ méjèèjì kò ní yọ òmíì sílẹ̀ àfi tí ti àkọ́kọ́ bá padà wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ méjì kò fi ní forí gbárí. Ohun tí mo sì fẹ́ràn jù nínú ẹ̀rọ yẹn ni pé kò sí ọ̀gá ibùdó tó lè dá yọ tókìnì. Ẹni tó wà ní ọ̀hún ní láti tẹ bọ́tìnì rẹ̀ kó tó lè jáde. Iṣẹ́ ẹni méjì ni, láti ìpìlẹ̀.

Tèmi, igi ni mo fi gbẹ́ tókìnì mi, mo kọ "Àkúrẹ́–Ọ̀wẹ̀nà" sára ọ̀kan, "Ọ̀wẹ̀nà–Oǹdó" sára èkejì. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, olùkọ́ àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì máa ń wá di Ọ̀wẹ̀nà mú, nọ́ọ̀sì àgbà kan ní ọ̀nà Arákalẹ̀ ló ń di Oǹdó mú. Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ rélùwéè rí nínú wọn. Nọ́ọ̀sì yìí le ju gbogbo ọ̀gá ibùdó tí mo bá ṣiṣẹ́ lọ. Bí ọkọ̀ mi bá fi ìṣẹ́jú kan pẹ́, á kọ ọ́ sínú ìwé, á ní kí n fọwọ́ sí i. Àwọn tó ti pẹ́ nídìí eré yìí máa ń lo aago tó ń sáré, kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá gidi jẹ́ wákàtí kan, kí ìrìnàjò òru kan lè parí kí oúnjẹ alẹ́ tó délẹ̀. Àwa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ kan tí ibà dè mí mọ́lẹ̀, fóònù mi dún ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. "Oǹdó ń pe Àkúrẹ́. Ṣé láìnì wà lófo?" Mo rẹ́rìn-ín títí ibà náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ.

Ẹ ti rí aago níbẹ̀, ẹ ti rí ẹni tó ń dúró.

Nǹkan kejì tí mo fẹ́ fún yín kò ná yín ní kọ́bọ̀, etí yín náà ló sì wà fún. Ẹ máa gba ohùn àwọn ará wa sílẹ̀. Mélòó ló kù lónìí tó lè sọ bí wọ́n ṣe ń fi ṣọ́bìrì da èédú sínú ẹ́ńjìnnì olóoru? Ẹ gbé fóònù sórí tábìlì, kẹ́ ẹ jẹ́ kí bàbá náà kọ́kọ́ sọ orúkọ rẹ̀, ibùdó tó ti ṣiṣẹ́ àti ọdún tó wọṣẹ́, kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Dídákẹ́ ló le jù níbẹ̀. Wákàtí kan ti tó, ẹ má rẹ̀ ẹ́. Ẹ máa bi í ní orúkọ nǹkan: kí ni ẹ̀ ń pe èyí? Àwa la sọ fishplate, irin pẹlẹbẹ tó ń so ọ̀pá irin kan mọ́ èkejì, di físípíléètì, àwọn gáńgìmáànù tó ń tún ojú irin ṣe ní orin tí wọ́n fi ń gbé irin kan ṣoṣo kí èjìká ogún èèyàn lè gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò sì tí ì rí ibi tí ẹnikẹ́ni kọ ìkankan nínú wọn sí lédè wa. Ní ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Jaekel House. 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, ní 2010 wọ́n tún un ṣe, wọ́n sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè. Kẹ́ ẹ tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ yà síbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ wo àwọn fọ́tò ara ògiri. Ẹ óò rí ẹ́ńjìnnì, ẹ óò rí àwọn ọ̀gá. Ohùn àwọn tó na òòlù ni wọn ò lè gbé kọ́ ògiri.

Ẹ máa rìn. Ní ti irin àtijọ́, Òṣogbo ló sún mọ́ wa jù. Ní ti irin tuntun, ẹ wọ mọ́tò lọ sí Mọníyà ní Ìbàdàn, ẹ wọkọ̀ níbẹ̀ dé Èbúté Mẹ́ta, kìlómítà 157 ni gbogbo ọ̀nà náà, oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì bí èrò, kẹ́ ẹ jókòó, kẹ́ ẹ di ojú. Ó máa yà yín lẹ́nu: fàkà-fìkì ti lọ. Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Oríkèé irin ló máa ń sọ fàkà-fìkì, ibi tí físípíléètì ti so ọ̀pá kan mọ́ èkejì, wọ́n sì ti jó irin tuntun pọ̀ kò ní oríkèé mọ́. Inú mi bàjẹ́ díẹ̀, n ò ní purọ́. Nígbà tí mo jẹ́ gáàdì, oríkèé yẹn ni mo fi ń mọ eré tí dírẹ́bà ń sá. Bí ọ̀pá irin bá gùn ní mítà 12, ẹ ka iye oríkèé tẹ́ ẹ bá gbọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 43. Iye tẹ́ ẹ bá kà ni iye kìlómítà tí ọkọ̀ ń sá ní wákàtí kan. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ yín. Mo kọ́ tèmi, kò gbà mí gbọ́, ó gbé ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù rẹ̀ jáde, ó ṣe é, ó wò mí bí ẹni pé mo pidán.

Ẹ máa lọ ta ayò náà, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé àwa tí wọ́n ń kì ní ọmọ a múdà sílẹ̀ fogun ẹnu pani kì í fi ọwọ́ nìkan ta á. Bí orúnkún bá gbà, ẹ máa gun Òkè Ìdànrè lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600, ibi ìsinmi wà lójú ọ̀nà, kò sí ẹni tó ń lé yín. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ etí yín wò kí oṣù kẹwàá tó dé. Ariwo ẹ́ńjìnnì ọdún 34 kì í kọjá láì mú nǹkan lọ, ẹ ò sì ní fẹ́ kí ìyàwó yín máa rò pé ẹ ń ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Ní ti owó, ẹ ò bi mí, gbólóhùn kan ni n ó sọ: nígbà tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ yàn bóyá iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì yín ni yóò máa san án lóṣooṣù tàbí kẹ́ ẹ fi ra ti iléeṣẹ́ adójútòfò, ẹ gbé ìwé méjèèjì relé, ẹ má fọwọ́ sí ìkankan lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e wá.

Ó ku ohun kan, òun ló sì yẹ kó yá yín lára jù, torí ó ní gbèdéke. Lónìí, ẹ lè rìn wọnú yáàdì nígbà tó bá wù yín. Lẹ́yìn oṣù kẹwàá, ẹ óò máa kọ orúkọ sílẹ̀ lẹ́nu géètì bí àlejò, bóyá wọ́n á sì ní kẹ́ ẹ padà wá lọ́la. Mi ò rò ó nígbà tèmi. Kóṣì tí mo gbẹ́, nínú fọ́tò ni mo ti fojú díwọ̀n rẹ̀, fèrèsé rẹ̀ ga jù, gbogbo ìgbà tí mo bá wò ó ni mo ń rí i. Nítorí náà, ẹ gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá yín, ẹ mú tépù àti ìwé kan, ẹ yan kóṣì kan tẹ́ ẹ ti fi òòlù lù títí ẹ fi mọ ohùn rẹ̀ lóòkùn. Ẹ wọn gígùn rẹ̀ àti ìbú rẹ̀. Ẹ wọn bó ṣe ga láti orí irin dé orí òrùlé, àti láti orí irin dé ìsàlẹ̀ fèrèsé. Ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín fèrèsé kan sí èkejì. Ẹ wọn ẹsẹ̀ náà láti etí dé etí, ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára kóṣì sílẹ̀, ẹ ha ọ̀dà rẹ̀ tó ti ń ṣí kúrò díẹ̀ sínú ọ̀rá, kẹ́ ẹ lè mú un lọ bá àwọn tó ń po ọ̀dà ní Àkúrẹ́. Gbogbo rẹ̀ ò ju ọ̀sán kan lọ. Bí ẹ bá ti dé, Ọjọ́bọ̀ ni, aago mẹ́rin. A ò ní ẹni tó ń yẹ ọkọ̀ wò.